Ìlà Èédú Lára Òpó

Ìyá Olómi ni wọ́n ń pè é ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé. Kì í ṣe pé ó ń ta omi. Kọnkéré ló ń fún lómi mu. Bí àwọn bíríkìlà bá ti da dẹ́kìn tán, ìyẹn àjà kọnkéré tí wọ́n ń tẹ́ sórí ilé kí wọ́n tó mọ ilé mìíràn lé e, wọn a kó ṣọ́bìrì wọn, wọn a gba ibòmíràn lọ. Òun nìkan ni wọ́n ń fi sílẹ̀ pẹ̀lú ilé tí kò tíì ní fèrèsé, kí ó máa bu omi sí dẹ́kìn náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ títí yóò fi gbó.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ilé lè rò pé bí kọnkéré bá ti le, ọ̀rọ̀ parí. Ìyá Olómi mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kọnkéré tuntun dà bí ọmọ ọwọ́ tí kò lè sọ̀rọ̀. Ó lè máa wò ọ́ bí ẹni tó ti yó, kó jẹ́ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ nínú lọ́hùn-ún. Bí o bá fi omi dù ú, yóò là, kò sì ní ké sí ọ lọ́jọ́ tó bá là.

Ní ọdún wọ̀nyẹn, ilé ń hù bí olú ní ìlú náà. Ibi tí àwọn ọmọdé ti ń dẹ tata lánàá ti di ojúlé kejìlélógún lónìí. Lọ́ọ̀rì iyanrìn kò yéé kọjá, eruku wọn a sì bo aṣọ tí ènìyàn sá sórí okùn kí ó tó gbẹ. Sìmẹ́ńtì ń wọ́n sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, síbẹ̀ àwọn tó ń kọ́lé kò dín kù. Ohun tó wá ṣọ̀wọ́n ju sìmẹ́ńtì lọ ni ẹni tó mọ iṣẹ́. Ẹni tó ru páànù iyanrìn lọ́dún tó kọjá ti di bíríkìlà lọ́dún yìí, ẹni tó jẹ́ bíríkìlà ti di fọ́máànù. Ní ti àwọn fọ́máànù gidi, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń kọ́ afárá àti ilé gogoro ti ń gbà wọ́n lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ṣa eyín tó dára kúrò lẹ́nu.

Káfíńtà ni ọkọ Ìyá Olómi. Kì í ṣe káfíńtà tó ń kan àga tàbí ibùsùn. Pákó tí wọ́n ń da kọnkéré lé ni tirẹ̀, òun ló sì máa ń to ọparun sábẹ́ pákó náà láti gbé e dúró. Bí dẹ́kìn bá ti gbó, òun náà ni yóò wọ abẹ́ rẹ̀, tí yóò máa yọ àwọn ọparun náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Fara-balẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òjò bá ń lé Fara-balẹ̀ bọ̀, yóò kọ́kọ́ wọn ọ̀nà ná kó tó sá.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ni ó máa ń dá wọn lóhùn. "Gbogbo ilé tí mo yọ ọparun ẹ̀ ló ṣì wà lórí ìdúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sáré, ṣé ẹ ti débi tẹ́ ẹ̀ ń lọ ni?"

Pẹ́ńsù pupa kan kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀ àfi bí ó bá fẹ́ sùn tàbí bí ó bá fẹ́ wọ abẹ́ dẹ́kìn. Ó ní òun kò fẹ́ kí ó já bọ́ níbi tí òun kò ní lè bẹ̀rẹ̀ mú un. Láàárín ọ̀sẹ̀, ibi iṣẹ́ tó jìnnà ni ó ń sùn, àpò sìmẹ́ńtì òfìfo ni ó sì ń tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Ọjọ́ Sátidé ni ó ń wálé sí yàrá kan ṣoṣo tí òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn ń gbé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà, ó gbé ìwé àtijọ́ ọmọ rẹ̀ lé itan, ó yọ pẹ́ńsù lẹ́yìn etí.

"Ìyá Olómi, wá jókòó. Lónìí, o máa kọ oókan."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Ọmọ mi, ìka ń ro mí. Okùn garawa ti họ gbogbo ẹ̀."

"Oókan ò ní ìka méjì. Igi ọparun kan ṣoṣo ni, o kàn máa nà án dúró."

"Kí ni mo fẹ́ fi nọ́ńbà ṣe gan-an? Dẹ́kìn ò kúkú mọ̀wé."

"Dẹ́kìn ò mọ̀wé, àmọ́ àwọn tó ń wò ó mọ̀wé."

"Èmi àti ìlà èédú mi ti mọwọ́ ara wa, jàre. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọmọ wọn tó ń fọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ nítòsí kò lè pa á mọ́ra. "Màámi, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yìí ti ń bọ̀ látìgbà tí mo ti wà ní kíláàsì kejì. Ṣé ẹsẹ̀ ló ń fi rìn ni?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ rẹ́rìn-ín. Fara-balẹ̀ dá pẹ́ńsù padà sẹ́yìn etí, kò sì fi agbára mú un. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, bí ìṣe rẹ̀ nìyẹn. Ìyá Olómi máa ń rántí ọ̀sán yẹn, ó máa ń rántí oòrùn tó wà lórí ìwé náà.

Fọ́máànù àgbà kan ló kọ́ ọ ní ìlà fífà. Ìyá Olómi kò mọ bí a ṣe ń kọ déètì, fọ́máànù náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n da dẹ́kìn ilé ńlá kan ní ìparí òpópónà, ó mú ègé èédú kan fún un, ó sì fi òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà àbáwọlé hàn án.

"Bí o bá bomi láàárọ̀, fa ìlà kan. Bí o bá bomi nírọ̀lẹ́, fa ìlà kan. Ìgbàkígbà tí mo bá yọjú, mo máa mọ̀ bóyá o pa ẹyọ kan jẹ. Ṣó yé ọ?"

"Ó yé mi, sà."

"Dẹ́kìn eléyìí fẹ̀ o. Pálọ̀ yẹn tóbi, kò sì sí òpó kankan láàárín ẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlélógún gbáko ló gbọ́dọ̀ lò kí ẹnikẹ́ni tó yọ ọparun ibẹ̀. Ìlà méjìlélógójì nìyẹn. Bí wọ́n bá yọ ọ́ ṣáájú, ẹni tó bá wà lábẹ́ ẹ̀ ò ní ráyè sọ pé ẹ gbà mí."

Òun fúnra rẹ̀ kọ ọjọ́ náà sínú ìwé pélébé tó ń gbé sí àpò àyà. Káfíńtà mìíràn ló to ọparun ibẹ̀, ó sì ti gba ibòmíràn lọ. Àwọn tó mọ iye ọjọ́ dẹ́kìn náà kò ju méjì lọ: ìwé náà, àti òpó.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan pé, ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń kọ́ afárá ránṣẹ́ pe fọ́máànù àgbà. Ó lọ lọ́jọ́ kejì. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn ní kí ó wá kíákíá ni, ìwé pélébé sì bá a lọ nínú àpò àyà rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ́ ilé náà ní ilé márùn-ún lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, òun alára kò sì rántí èyí tí wọ́n dà lọ́jọ́ wo mọ́. Ó wá ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ó sọ ọ́ di fọ́máànù fún méjì nínú ilé náà.

Fọ́máànù tuntun kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bàtà rẹ̀ mọ́, akoto orí rẹ̀ sì funfun bí ẹyin. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó rí Ìyá Olómi lórí àkàsọ̀ pẹ̀lú garawa.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń fa ìlà ara òpó yẹn?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹ ò pa ìkankan jẹ?"

"Rárá o, sà. Mi ò pa ìkankan jẹ."

"Ẹ ṣeun gan-an. Ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́ náà, bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Inú rẹ̀ dùn, inú Ìyá Olómi náà dùn pé ọ̀gá tuntun rí iṣẹ́ òun. Fọ́máànù gun alùpùpù rẹ̀ lọ sí ilé kejì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ nípa ìlà náà kò ju ìyẹn lọ. Níbi tí ó ti kọ́ṣẹ́, ìlà kan ni ọjọ́ kan. Òun kò bi í, obìnrin náà kò sì mọ̀ pé ohun kan wà láti sọ.

Ní ọjọ́ kọkànlá tó ti ń bomi sí i, Ìyá Olómi da omi tó kù nínú dúrọ́ọ̀mù sórí dẹ́kìn. Ó fi ọwọ́ tẹ́ omi náà kiri dé gbogbo igun, bí ìyá tó ń fi ìpara pa ọmọ. Ó sọ̀kalẹ̀, ó mú èédú, ó fa ìlà àárọ̀. Kò kà wọ́n. Ì bá ṣe pé ó kà wọ́n, ì bá rí i pé ó di mọ́kànlélógún.

Ẹ̀rọ omi tó wà ní ibi iṣẹ́ náà kò yọ omi láti ọjọ́ méjì. Ó kó kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin sínú báro, ó tì í lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pọn omi ní òpópónà kẹta. Ìlà àwọn tó ń dúró gùn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta táyà.

"Ìyá Olómi, ẹ̀yin lẹ̀ ń mu omi ìlú yìí tán o," ni obìnrin kan tó wà níwájú rẹ̀ wí. "Ilé wo ló ń mu tó báyìí?"

"Ilé ńlá ni, ọmọ mi. Kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ó tó."

"Ṣé ó máa tọ̀ báyìí?"

"Ẹ gbà mí o! Bó bá tọ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn."

Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí lọ́ọ̀rì kan kọjá. Ó gbọ́ tí ẹnì kan pe, "Olómi mi!" Ó gbójú sókè. Fara-balẹ̀ ló dúró lẹ́yìn lọ́ọ̀rì náà, òun àti àwọn ọkùnrin méjì. Ọwọ́ kan di ọkọ̀ mú, ọwọ́ kejì ń mi pẹ́ńsù pupa sókè sí i bí ẹni tó gba ẹ̀bùn. Ọjọ́ Ọjọ́rú ni. Kì í wálé lọ́jọ́ Ọjọ́rú.

Ìyá Olómi juwọ́ sí i títí lọ́ọ̀rì fi yà. Ẹ̀rín kò kúrò lójú rẹ̀.

"Ọkọ nìyẹn, àbí àlè?" ni obìnrin iwájú bi í.

"Àlè mi ni. Ogún ọdún ti kọjá tó ti ń yan mí."

Ohun tí kò rò nígbà náà ni pé lọ́ọ̀rì náà ṣófo. Kò sí búlọ́ọ̀kù nínú rẹ̀, kò sí iyanrìn, kò sí pákó. Lọ́ọ̀rì òfìfo kì í lọ síbi iṣẹ́ láti lọ gbé nǹkan sílẹ̀. Nǹkan ló ń lọ kó. Lẹ́yìn ìgbà náà, ó máa ń ṣí ojú lórí ibùsùn kí ilẹ̀ tó mọ́, lọ́ọ̀rì náà yóò sì tún kọjá lójú rẹ̀, yóò sì ṣófo kedere. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ohun tó rò kò ju pé òun yóò bá ọkọ òun lẹ́nu iṣẹ́, tí wọn yóò jọ jẹun ọ̀sán lábẹ́ òjìji ògiri. Ó tilẹ̀ jẹ́ kí ìyá arúgbó kan kọjá síwájú òun.

Ó ń di ìdérí kẹ́ẹ̀gì kẹta nígbà tí ó gbọ́ ìró náà. Ó dún bí ìgbà tí típà bá da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Àwọn yìí tún ti ń da òkúta," ni ẹni tó ń ta táyà wí, kò tilẹ̀ yíjú. "Eruku ọ̀sán dé nìyẹn."

Kò sí ẹni tó kúrò lójú kan. Ní ìlú tí ilé ti ń hù bí olú, irú ìró bẹ́ẹ̀ kì í da ènìyàn láàmú. Ìyá Olómi náà gbé kẹ́ẹ̀gì kẹrin sábẹ́ ẹ̀rọ. Ó kún dé ìdajì kí ọmọbìnrin kan tó sáré já sí wọn láti ìparí òpópónà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí.

Ó fi báro sílẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní kò pariwo, ó kàn ń rìn ni, ó ń yára rìn, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sórí iná.

Wọ́n gbé Fara-balẹ̀ jáde lábẹ́ dẹ́kìn tó wó ní ìrọ̀lẹ́. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe fún un mọ́. Àwọn méjì tí wọ́n jọ wá ríbi sá jáde, nítorí ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí, tí wọ́n ń gba ọparun lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, géńdé tínrín kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ló mú pẹ́ńsù pupa wá fún Ìyá Olómi lọ́wọ́ alẹ́. Ẹsẹ̀ òpó ló ti rí i. Ibẹ̀ ni Fara-balẹ̀ fi í sí kí ó tó wọlé.

"Ẹ má bínú sí mi, mà," ni ó wí. Kò lè jókòó. "Agbaṣẹ́ṣe ló ní ká wá kó ọparun, pé wọ́n ń dúró dè é ní ilé kẹrin. Bọ̀ọ̀dá ò gbà. Wọ́n ní àwọn ò ní wọ abẹ́ dẹ́kìn tí àwọn ò mọ ọjọ́ orí ẹ̀. Ni fọ́máànù bá nawọ́ sí òpó. Bọ̀ọ̀dá lọ síbẹ̀, wọ́n fi pẹ́ńsù kan ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, 'Mọ́kànlélógún. Ọwọ́ ìyàwó mi nìyí. Ìyàwó mi kì í pa ọjọ́ jẹ.' Inú wọn dùn, mà. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín wọlé ni."

Ìyá Olómi di pẹ́ńsù náà mú. Méjì lójúmọ́. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Ká ní ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan, ní àárín ẹ̀rín, kì bá gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin òkú, Agbaṣẹ́ṣe wá kí wọn. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó mi orí títí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ènìyàn dáadáa ni. Ìkánjú yẹn ni ò dáa. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó wọ abẹ́ ẹ̀. Bó ṣe wà nínú ìwé tá a kọ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ilé kíkọ́ nìyẹn."

Ìkánjú! Fara-balẹ̀! Ìyá Olómi wo ẹnu ọkùnrin náà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà yóò padà wọnú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í padà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti kárí gbogbo ibi iṣẹ́. Àwọn tó ti ń fi ìfarabalẹ̀ ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́ ń mi orí pé ẹ wò ó, ọjọ́ kan ṣoṣo tó kánjú náà ló kú. Fọ́máànù àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ òtítọ́, ṣùgbọ́n ẹnu tó fẹ́ jẹun ni wọ́n fi pa á mọ́.

Ọmọbìnrin rẹ̀ dé láti ilé-ìwé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò bọ́ aṣọ, kò jẹun. Ó jókòó ti ògiri.

"Màámi, wọ́n ní Bàámi ló wó ilé onílé. Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n kánjú?"

Ìyá Olómi ṣí ẹnu. Láti sọ pé rárá, ó gbọ́dọ̀ sọ ìyókù. Ó gbọ́dọ̀ sọ ti ìlà, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ọwọ́ tó fà á. Ó sọ pé, "Lọ jẹun, ọmọ mi." Ọmọ náà wo ojú rẹ̀ pẹ́, ó sì dìde. Ìyá Olómi mọ̀ pé ọmọ náà ti mú ìdákẹ́jẹ́ òun gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn.

Ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yọjú sí fèrèsé. "Mà, obìnrin ẹnjiníà kan ń bọ̀ láti ọ́fíìsì lọ́la láti wá wo ibẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe ti ní ká fọ́ òpó yẹn kó tó dé. Èmi kàn ní kí n sọ fún yín ni." Kò dúró gba ìdáhùn.

Kí oòrùn tó yọ, Ìyá Olómi ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó náà. Òkìtì kọnkéré wà lẹ́yìn rẹ̀, irin ń yọrí jáde nínú rẹ̀ bí gbòǹgbò igi tí wọ́n fà tu. Ìlà mọ́kànlélógún wà lára òpó síbẹ̀, èyí tó kẹ́yìn dúdú jù. Ó fi ẹ̀yìn tì wọ́n. Nígbà tí ẹni tó gbé òòlù ńlá dé, ó rí i, ó gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe tẹ̀ lé e.

"Ìyá, ẹ kúrò níbẹ̀. Ó lè wó lù yín."

"Ó ti wó lù mí tán, sà."

"Ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́ wa, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀."

"Mi ò dí iṣẹ́ yín. Mò ń dúró de àlejò yín ni."

Kò kúrò. Obìnrin tó jẹ́ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, "bẹ́ẹ̀ ni, sà" ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n jọ dúró báyẹn títí ọkọ̀ ọ́fíìsì fi dé.

Ẹnjiníà náà kì í ṣe ọmọdé, kì í sì í pariwo. Ó kí gbogbo wọn, ó wo òkìtì náà, ó wá wo obìnrin tó fi ẹ̀yìn ti òpó.

"Kí ló wà lẹ́yìn yín, mà?"

Ìyá Olómi yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ta ló fa ìlà yìí?"

"Èmi ni, mà." Ohùn rẹ̀ kéré. Ó tún un sọ. "Èmi ni. Omi ni mo máa ń bù sí dẹ́kìn. Ìlà kan láàárọ̀, ìlà kan nírọ̀lẹ́. Méjì lójúmọ́ ni. Ọjọ́ kọkànlá ni dẹ́kìn wà lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí ọkọ mi yọ ọparun. Ó ní òun ò ní wọlé àfi tóun bá mọ iye ọjọ́. Wọ́n nawọ́ sí ìlà mi. Ó kà á, ó pé mọ́kànlélógún, ó gbà á gbọ́ torí pé ọwọ́ mi ni. Ọkọ mi ò kánjú, mà. Èmi ni mi ò sọ fún un pé méjì méjì ni. Bí ẹ bá fẹ́ kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ kọ tèmi, kẹ́ ẹ yọ ìkánjú kúrò lára tiẹ̀."

"Ṣé ẹ gbọ́?" ni Agbaṣẹ́ṣe wí. "Ó ti fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́. Òun ló fa ìlà, òun ló pa ọkọ ẹ̀."

Ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ègé kọnkéré kan nínú òkìtì náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀. Ó rún sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí búrẹ́dì tó ti gbẹ.

"Ọ̀gá, omi tí ìyá yìí bù sí i kò lè ṣe é báyìí. Omi ò lè ṣe iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tẹ́ ẹ ò dà sí i. Màá mú ègé yìí lọ."

Ìgbà yẹn ni fọ́máànù ọ̀dọ́ bọ́ akoto rẹ̀. Omi ti kún ojú rẹ̀. "Èmi ni mo nawọ́ sí òpó. Ìlà kan lọ́jọ́ kan ni mo mọ̀. Mo rí ìyá lójoojúmọ́, mi ò bi wọ́n. Mo rò pé... Mi ò bi wọ́n." Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà jáde láti ẹ̀yìn lọ́ọ̀rì kan, ó sọ ohun tó rí.

Ẹnjiníà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó parí, Ìyá Olómi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ka ibi tí ọ̀rọ̀ ọkọ òun wà fún òun. Ó kà á: "Káfíńtà náà béèrè iye ọjọ́, ó sì ka ìlà lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó wọ abẹ́ dẹ́kìn." Ìyá Olómi ní kí ó tún un kà. Lẹ́yìn náà, ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà.

Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí ara ògiri ilé náà, iṣẹ́ sì dúró níbẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe ṣì ń kọ́lé níbòmíràn. Ẹni tó bá wo ojú ọ̀nà yóò rí típà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àwọn ibi iṣẹ́, wọn kò sọ̀rọ̀ ìkánjú mọ́ bí wọ́n bá dárúkọ Fara-balẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹnjiníà wá, Ìyá Olómi sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èédú, ó parí rẹ̀ sórí òpó. Ó tún sọ ti kọnkéré tó rún sí ọwọ́ ẹnjiníà, ṣùgbọ́n kò fi í bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ náà kò sunkún. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi bá a sọ̀rọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ìyá Olómi kò bẹ̀ ẹ́. Kí ni ó fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́?

Ní ọjọ́ kẹrin, bí ó ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ọmọ náà wá jókòó tì í. Ó gbé ìwé lé itan rẹ̀, ó fi pẹ́ńsù pupa sí i lọ́wọ́, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ bo ọwọ́ náà. Wọ́n jọ na oókan dúró. Ó wọ́. Wọ́n tún na òmíràn.

"Ó ti dáa, Màámi," ni ọmọ náà wí. Ó gbé orí lé èjìká ìyá rẹ̀.

Ìyá Olómi ṣì ń bu omi sí dẹ́kìn títí di òní, nítorí ilé kò yéé hù, omi sì ni iṣẹ́ tó mọ̀. Lára òpó, déètì ni ó ń kọ báyìí, nọ́ńbà rẹ̀ tóbi, wọ́n sì máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Síbẹ̀ kò gbẹ́kẹ̀ lé wọn. Bí lọ́ọ̀rì òfìfo bá ti ń bọ̀, yóò gbé garawa sílẹ̀, yóò lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé náà. Àwọn káfíńtà tí kò mọ̀ ọ́n máa ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹ yẹ̀ fún wa, ọparun la wá kó. A ti rí déètì yín."

"Ẹ má tíì wọ abẹ́ ẹ̀," ni yóò wí. "Ẹ kọ́kọ́ bi mí. Èmi rèé, mo wà níbí. Ẹ bi mí."